Ohùn Tí Ìyá Rẹ̀ Sá Fún

Inú máa ń bí mi sí àwọn tó bá bi mí pé báwo ni obìnrin aránṣọ ṣe di onígìtá nínú ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì, orin òyìnbó aláriwo yẹn, ní Pobẹ̀. Wọ́n á bi mí bí ẹni pé mo jalè. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ gìtá olókùn mẹ́rin, èyí tó máa ń kùn nísàlẹ̀ orin. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ta á lẹ́yìn àwọn akọrin, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mi, torí pé ẹni tó bá ń ta irú gìtá bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó sú mi. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan wá sọ fún mi pé orin kan wà tó jẹ́ pé gìtá tèmi yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, mi ò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹni tó wá sọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Sakẹ́tẹ́. Kútọnu ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti kó orin mẹ́tàlì sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wálé. Òun ló ń ta gìtá tó ń ké. Onílù wa ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì ní Onígbòlò. Ó ní ariwo tí òun ń gbọ́ níbẹ̀ láti àárọ̀, bí òun kò bá lu nǹkan láti fi dá a padà, kò ní í jẹ́ kí òun jẹun. Ẹnì kẹrin ni olóhùn wa. Iná mànàmáná ló ń so sílé onílé ní Sakẹ́tẹ́, òun nìkan sì ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Ohùn rẹ̀ dùn. Kì í ṣe torí pé ó ti kú ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá kọrin níbi ìkómọ, àwọn ìyá àgbà á máa fi etí aṣọ nu ojú.

Ẹgbẹ́ wa ní orúkọ, mo tiẹ̀ fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sára aṣọ dúdú tí mo rán fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò ní í kọ ọ́ síbí, mi ò sì ní í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá olóhùn wa ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó sì bẹ̀ mí kò pọ̀.

Mẹ́tàlì tí tíṣà fẹ́ kì í lo ohùn dídùn. Ohùn tó ń ti ikùn wá ló fẹ́, ohùn tó há, tó ń bú bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Tíṣà gbìyànjú, ó dà bí ẹni tí eegun há sí lọ́fun. Onílù gbìyànjú, a rẹ́rìn-ín títí. Èmi ni mo jókòó ti fídíò lóríṣiríṣi títí mo fi mọ ibi tí àwọn olórin yẹn ń gbà á. Èmi ni mo gbé ọwọ́ lé ikùn olóhùn wa tí mo sọ fún un pé ibí ni kó ti fà á, kó má fi ọ̀fun ṣe é. Oṣù méjì ló fi ń wúkọ́. Lọ́jọ́ tí ohùn náà kọ́kọ́ jáde dáadáa, nínú ilé àkọ́ìparí kan tí a ti ń ṣe ìdánrawò ní Pobẹ̀, àwa yòókù ń wo ara wa. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ni mo pàtẹ́wọ́. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ gidi pé ṣé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo ní ohun tí mo fẹ́ gan-an ni.

Fóònù mi ló dára jù nínú ti gbogbo wa, nítorí náà èmi ni mo ń gba orin wa sílẹ̀. Káàdì inú rẹ̀ kéré. Tí a bá ti ṣe tán, màá jókòó, màá gé gbogbo ohun tí kì í ṣe orin dànù: ẹ̀rín, ìjiyàn, olóhùn wa tó ń sọ pé ebi ń pa òun, olóhùn wa tó ń fi onílù ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń lu ìlù bí ẹni ń pa ejò, olóhùn wa tó ń kọ orin ìkómọ díẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìgànà kì í jẹ́ kí a gbé aṣọ fún oníbàárà tí òwú bá ń yọ lára rẹ̀. Yóò gbé e sójú oòrùn, yóò yí i padà, bó bá rí okùn òwú kan péré, yóò jù ú padà lé ọ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo gé orin wa mọ́ tónítóní nínú fóònù, inú mi sì ń dùn sí bó ṣe mọ́ tó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣeré ní gbangba, Sakẹ́tẹ́ ni, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ìsinmi. Iwájú ilé àwọn ọ̀dọ́ ni, kò jìnnà sí ọjà. A to bàfù mẹ́rin síbẹ̀, àwọn àpótí ńlá tí ohùn ń gbà jáde, a sì kọjú wọn síta kí ará ìlú lè mọ̀ pé a ti dé. Ọ̀kan nínú wọn ti gbó. Nígbà tí mo ta gìtá mi, bàfù yẹn ń gbọ̀n, ohùn gìtá náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yí bíríbírí lójú afẹ́fẹ́. Olóhùn wa mí sínú, ó sì bú.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibẹ̀ kò lè mọ ohun tí a ṣe. Ìlú orò ni Sakẹ́tẹ́. Àwọn àgbà máa ń wí pé awo Egúngún lobìnrin lè ṣe, awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lobìnrin lè mọ̀, bí obìnrin bá fojú kan orò, orò á gbé e. Bí orò bá máa jáde, wọ́n á ti kéde rẹ̀, obìnrin á ti wà nílé, ilẹ̀kùn á ti wà ní títì. Àmọ́ bí ohùn tó ń kùn bíi ti orò bá dún lójijì, obìnrin kì í dúró bèèrè bóyá wọ́n kéde. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọmọbìnrin níbẹ̀ pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ọgbọ́n rẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i tí ọjà tú. Àwọn tó ń ta ata fi ata sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó wà níwájú wa gan-an, tí wọ́n ń fi ojú ara wọn rí wa, rí àwọn ìyá wọn tó ń sá, àwọn náà sì sá. Kó tó di pé a kọ orin kan tán, kò ku obìnrin kankan níta ní gbogbo àdúgbò yẹn àfi èmi. Mo ṣì ń ta gìtá mi lọ. Mo rò pé iná ló ń jó níbìkan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rí i pé àwọn ọkùnrin dúró, wọ́n ń wò mí, bí ẹni ń wo ẹni tó ti kú tí kò tíì mọ̀. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ọdún yẹn, àmọ́ ojú wọn kò tíì kúrò lára mi.

Ìyá olóhùn wa wà lára àwọn tó sá. Epo pupa ló ń sè ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó da aṣọ borí. Kí wọ́n tó wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni, epo ti jóná, ó ti dúdú kirikiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àwọn àgbà ránṣẹ́ pè wá. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀. Wọ́n bèèrè pé ta ló ń bú, olóhùn wa ní òun ni. Wọ́n wá bèèrè pé ta ló ń ṣe èyí tó ń kùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Tíṣà, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ń wo ilẹ̀. Mo ní èmi ni. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní kí n gbé e wá, kí n ṣe é kí wọ́n rí i. A so ó mọ́ bàfù kékeré, mo ta á. Ó dún dáadáa ju ti ọ̀sán lọ. Bàbá yẹn gbọ́ ọ títí, ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ohun tí ọwọ́ obìnrin bá ń dá lójú ọ̀sán, kì í ṣe orò. Ẹ máa lọ ṣeré yín." Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣe é lọ́jọ́ tí orò bá wà nílẹ̀, àti pé kí a máa sọ fún ìlú ṣáájú. Ó parí síbẹ̀. Bí a ti ń padà lọ sí Pobẹ̀, tíṣà ń wí pé èmi ni ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ wa. Ẹnu ti padà sí i lára.

Olóhùn wa kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó padà sẹ́yìn lọ bá ìyá rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá òun kò bínú nítorí epo, ó tiẹ̀ fún òun lóúnjẹ. Ohun tó sọ ni pé, "Mo sá fún ohùn rẹ. Ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ pé ìwọ ni." Ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbọ́ òun nígbà mìíràn, nígbà tó ti mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kan, àwọn àgbà sì ti fọwọ́ sí i. Ìyá ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti wọ òun létí, àmọ́ kò tíì dé ẹsẹ̀ òun.

Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. A dé Àjàṣẹ́, a dé Kútọnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ré ẹnu ibodè kọjá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì ní kí onílù lu ìlù fún àwọn kó tó kọjá. Ní Kútọnu àwọn ọ̀dọ́ ń mi orí wọn bí ẹni tí eṣinṣin ń dà láàmú, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ orin wa lórí, Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́. Ní Pobẹ̀ níbí, ìyá oníṣòwò kan láti Ìlọrin tí mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń fi àánú bi mí pé ṣé mo ṣì ń bá àwọn ọmọ tó ń kígbe yẹn rìn. Adùn ayé mi ni ọdún mẹ́rin yẹn. Mi ò lè purọ́.

Àmọ́ níbikíbi tí a bá ti ṣeré, kí olóhùn wa tó bẹ̀rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn èrò, níbi tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Mo mọ ẹni tí ojú rẹ̀ ń wá. Ìyá rẹ̀ kò wá rí. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀ wá pé kí a ṣe orin kan ṣoṣo tí òun á fi ohùn òun gidi kọ, kí òun lè mú un lọ sílé fún ìyá òun. Tíṣà ní rárá, ìyẹn kì í ṣe mẹ́tàlì. Èmi gan-an ló sì yẹ kó gbè é. Mo ní tó bá fẹ́ kọrin ìkómọ, kó padà sí ibi ìkómọ. Mo sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ó ti bọ́.

Àkókò òjò ló kú. Ibà ni wọ́n pè é. Ọjọ́ Ajé ó ní ara òun kò yá, ní Ọjọ́bọ̀ ó ti lọ. Mi ò rí i. Aṣọ ìgbéyàwó kan ni mo ń rán, mo ní màá lọ kí i ní Ọjọ́ Ẹtì.

Àwọn èèyàn sọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n ní ohùn tó yá lò, ẹni tó ni ín ti wá gba nǹkan rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ará ọ̀run, ará ọ̀run á dá a lóhùn. Mi ò gbà á gbọ́. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá sọ ọ́ lójú mi pé òpè ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi máa ń kùn tí mo bá tẹ̀ ẹ́, tí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó yẹ kó dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ó máa ń kùn díẹ̀ sí i. Mo ti gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ń rán aṣọ nílẹ̀kùn ṣíṣí báyìí, kí ariwo títì lè wọlé wá bá mi.

Ẹgbẹ́ náà tú. Wọ́n gbé tíṣà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá àríwá, onílù kó ìlù rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé gìtá mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, zẹ́mìjàn kan, alùpùpù akérò, já ìyá olóhùn wa sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé epo pupa ìgò kan wá fún mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó jókòó, ó gba omi, ó bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà ló ní wọ́n sọ fún òun pé ohùn ọmọ òun wà lọ́wọ́ mi, òun wá gbọ́ ọ ni.

Mo fi fóònù síwájú rẹ̀, mo tẹ orin wa tó dára jù. Nínú fóònù kékeré, ohùn yẹn kò lè dẹ́rù ba ọmọ ìkókó. Ó tẹ́tí, ó tẹ orí sílẹ̀. Nígbà tó parí, mo tẹ òmíràn. Ó gbọ́ mẹ́rin. Ó wá wò mí, ó ní, "Ibo ló wà níbẹ̀?"

Mo ní òun ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ òun kò rí i níbẹ̀. Ó bi mí bóyá kò sí ibì kan tó ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan péré, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nílé. Ó ní ohùn náà ti ń kúrò létí òun, pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn òun jí, òun fẹ́ rántí bó ṣe máa ń sọ pé ẹ kú àárọ̀, kò wá. Mo ní màá wá a fún un. Irọ́ ni mo pa, nítorí mo ti mọ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ohun tí mo ṣe.

Síbẹ̀ mo wá a. Mo pe tíṣà, ó ní ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni òun àti olóhùn wa máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Onílù tú fóònù rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Fóònù òkú fúnra rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan tó ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ kó lè máa lò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ohùn sọ ránṣẹ́ sí mi ti bá fóònù mi àtijọ́ lọ, orin nìkan ni mo kó wá sínú tuntun. Mo tún àwọn orin náà gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ wọn àti òpin wọn, bóyá ọwọ́ mi yẹ̀ níbìkan. Ọwọ́ mi kò yẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún, mo sì bú ọ̀gá mi tó wà ní Ìgànà, obìnrin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan ju pé ó kọ́ mi níṣẹ́ lọ.

Mo lọ bá ìyá olóhùn wa ní Sakẹ́tẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi ni mo gé e dànù kí orin lè mọ́. Ó bi mí pé kí ló ń sọ níbi tí mo gé. Mo sọ fún un: ebi, yẹ̀yẹ́, ejò tí onílù ń pa. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n dìde.

"Èyí tó kù náà ni kí o gbé wá fún mi," ló wí. "Má gbé e wá nínú fóònù. Bó ṣe dún lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ ẹ. Mo sá fún un lọ́jọ́ yẹn, màá jókòó tì í báyìí."

A lọ sọ fún bàbá tó dá ẹjọ́ wa nígbà yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ òun ti parí, kì í yí padà, kí a sáà ṣe é lọ́sàn-án. Ìyá fúnra rẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò, ó sọ fún àwọn obìnrin pé nǹkan báyìí máa dún ní ọ̀la, ọmọ òun ni. Onílù fi alùpùpù gbé bàfù méjì wá láti Pobẹ̀, ó so wọ́n mọ́ fóònù mi, ó sì lọ dúró lẹ́bàá títì, ó ní òun kò lè dúró nítòsí. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin àdúgbò ń wọ ilé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní ẹ̀wà òun wà lórí iná. Ẹnì kejì kò tiẹ̀ wá àwáwí.

Ìyá jókòó sórí àpótí ní àárín àgbàlá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú. Ó mi orí sí mi. Mo tẹ orin náà.

Gìtá mi ló kọ́kọ́ jáde, ó kùn lọ gbọọrọ lórí àwọn páànù ilé. Mo rí i tí ìka rẹ̀ wọnú aṣọ rẹ̀. Ó dúró tì í. Ohùn ọmọ rẹ̀ wá bú láti inú bàfù méjèèjì, tòótọ́, bó ṣe bú lójú ọjà, mo sì rí i tí ojú ìyá náà ń wo bàfù, tó fẹ́ dúró, tó ń bẹ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde lábẹ́ rẹ̀. Ó sáré. Gèlè rẹ̀ já bọ́ lójú ọ̀nà, ilẹ̀kùn tì gbà, mo gbọ́ nígbà tó fi irin há a láti inú.

Mo na ọwọ́ láti pa orin náà. Ìyá lu ilẹ̀kùn láti inú, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ pè mí.

"Má pa á. Jẹ́ kó parí."

Mo mú ọwọ́ mi kúrò. Orin náà ṣì ku ìdajì, mo sì dúró tì í níta títí ó fi parí.